Abísínwín: Orúkọ Tí À Ń Sọ Wúyẹ́wúyẹ́
Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, Yorùbá ní orúkọ fún wèrè tó ń kọ lu abiyamọ: abísínwín. Àmọ́ nílé wa l'Ólódò, wúyẹ́wúyẹ́ la fi ń pè é, torí ìwádìí ìgbéyàwó. Bí ìyá bá bò ó, ọmọbìnrin ò ní dá a mọ̀ tó bá kàn án.

Nínú *Stay With Me* (2017) tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, ìyá Yéjídé kú níkùnlẹ̀. Àwọn orogún ìyá rẹ̀ ń fi àìmọ orírun bú u. Yéjídé gbé oyún tí kò sí. Ọmọ méjì kú, ẹ̀rù ń bà á láti fẹ́ràn ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ gún mi lọ́kàn. Àléébù ibẹ̀ ni pé àṣírí ọkọ bo ìtàn ìyá mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin akéwì, ta ló máa kọ tìyá?