Láàárín “Ẹ” àti “O”: Mulder àti Scully lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ wọn

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993 ni iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán Fox ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré The X-Files jáde. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìkànnì M6 gbé e dé ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú orúkọ tí àwa tí a kàwé lédè Faransé fi mọ̀ ọ́n, Aux frontières du réel. Chris Carter ni ó dá a sílẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà méjì ni eré náà dá lé: Fox Mulder, ẹni tí àbúrò rẹ̀ obìnrin pòórá nílé ní ọdún 1973, tí ó sì gbà pé àwọn ẹ̀dá òde ayé ni ó gbé e lọ, àti Dana Scully, dókítà oníṣègùn, ọmọ ìjọ Àgùdà (Àgùdà ti ìjọ Páàdì ni a ń wí, kì í ṣe ti àwọn ìdílé tó ti Brazil padà dé Àjàṣẹ́), tí àwọn ọ̀gá rán sí i kí ó máa fi sáyẹ́ǹsì tú àwọn ìgbàgbọ́ rẹ̀ palẹ̀. Nígbà tí eré náà kọ́kọ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2002, ó ti ní apá 202. Lẹ́yìn tí ó padà dé ní 2016 àti ní 2018, ó di 218, láìka fíìmù méjì ti 1998 àti 2008 mọ́ ọn.

Kì í ṣe eré náà gan-an ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ́ yí ẹni méjì wọ̀nyí ká: àwọn àkójọ, àwọn àtòpọ̀ ọ̀rọ̀, àwọn ibi ìkówèésí ìtàn, tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún wọn láti ṣe. Lójú wa, iṣẹ́ lámèyítọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣe é kò pe ara wọn ní lámèyítọ́; ó sì yẹ kí a bi í léèrè ohun tí a ń bi gbogbo iṣẹ́ lámèyítọ́: kí ni ó rí, kí ni kò sì rí?

Irú iṣẹ́ báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1967 ni àwọn olólùfẹ́ Star Trek ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tẹ ìwé ìròyìn ara wọn, Spockanalia ni àkọ́kọ́ nínú wọn, nínú irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òǹkàwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í so Kirk àti Spock pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì tí a kò lè yà nípa. Ṣùgbọ́n The X-Files àti íntánẹ́ẹ̀tì jọ dàgbà ni. Àárín àwọn olólùfẹ́ Mulder àti Scully ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn méjèèjì di olólùfẹ́ ara wọn ní relationshipper. Wọ́n gé e kù sí shipper, wọ́n tún gé e kù sí ship. Ọ̀rọ̀ náà ti yí ayé ká báyìí. Ẹni tí kò bá mọ orírun rẹ̀ lè rò pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wí. Àwọn alátakò wọn, tí wọn kò fẹ́ kí ìfẹ́ wọ ọ̀rọ̀ náà rárá, sọ ara wọn ní noromo. Carter fúnra rẹ̀ ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò ní sọ wọ́n di olólùfẹ́. Ìlérí tí kò mú ṣẹ yìí ni ó fún gbogbo iṣẹ́ náà lẹ́mìí.

Nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ ẹnu eré ni a fi ṣe àkọ́kọ́. Àwọn olólùfẹ́ jókòó ti fọ́nrán, wọ́n fetí kọ ohun tí olúkúlùkù sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ apá kan dé òpin rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, kò sì lárinrin. Ṣùgbọ́n òun ni akẹ́kọ̀ọ́ lè gbára lé, nítorí pé ó gbé ọ̀rọ̀ sí ipò tí ó wà. Àwọn àkójọ ìṣẹ́jú kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú wọn, wọ́n ka gbogbo ìgbà tí ọwọ́ kan ọwọ́, tí ojú pàdé ojú: ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú fíìmù 1998, níbi tí oyin ti ta Scully nígbà tí ètè méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, alẹ́ tí ọdún 1999 yí sí 2000 nínú apá tí a pè ní “Millennium”, àti “all things” ti oṣù Kẹrin 2000, tí Gillian Anderson, òṣèré tó ṣe Scully, kọ tí ó sì darí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ka irú àkójọ bẹ́ẹ̀ yóò mọ ibi tí wọ́n ti fọwọ́ kanra, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń wá kiri. A yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, a kó o jọ sínú àwo ọ̀tọ̀, a sì sọ pé ọbẹ̀ nìyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ibi ìkówèésí ìtàn. Gossamer ni orúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù, láti àárín àwọn ọdún 1990 ni ó sì ti ń kó ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ kọ nípa eré náà pa mọ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ya irú ìtàn sọ́tọ̀: X fún èyí tó ní àdììtú tí a ó tú, S fún ìtàn gbígbòòrò, V fún ìtàn kúkúrú tí kò ju ìran kan lọ. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀, irú ẹni tí ó lè ka ìtàn náà, àwọn apá eré tí ìtàn náà yóò tú fó fún ẹni tí kò tíì wò ó, kí ó sì jẹ́wọ́ pé Carter àti Fox ló ni Mulder àti Scully, pé òun kàn yá wọn ni. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ nípa rẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sábà máa ń ka ìjẹ́wọ́ yìí sí ìbẹ̀rù agbẹjọ́rò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí tí ó ti gbọ́ ìjúbà rí kò lè ṣàìgbọ́ ọ níbẹ̀. Oníjàálá kì í la ẹnu láìjúbà ẹni tó kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ ẹ̀fẹ̀ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láìjúbà àwọn ìyá. Ẹni tó júbà kò sọ pé òun kò ní ohun tuntun láti sọ. Àyè láti sọ ọ́ ni ó ń tọrọ. Báyìí náà ni oríkì ṣe ń gùn: akéwì kan fi ẹsẹ̀ kan lé e, òmíràn tún fi tirẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ìtàn tó dára jù ní Gossamer, bí oríkì ni wọ́n rí. Àwọn tó burú jù (wọ́n sì pọ̀) dà bí oríkì ẹni tí akéwì kò mọ̀ rí.

Nípa ìjà àárín shipper àti noromo, èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ kan ni èdè tí wọ́n fi ń jà kò ní. Lójú ẹgbẹ́ kan, gbogbo ìwò ojú jẹ́ ìgbésẹ̀ sí iyàrá. Lójú ẹgbẹ́ kejì, ọ̀rẹ́ iṣẹ́ lásán ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní alábàárò: ẹni tí a ń gbé ọ̀rọ̀ tó wúwo lọ bá, tí yóò bá wa rò ó, tí kò sì ní torí pé ó fẹ́ràn wa gbà fún wa níbi tí kò yẹ kó gbà. Scully kì í gbà fún Mulder. Ọdún méje gbáko ni ó fi ń bi í léèrè ẹ̀rí. Ó sì ṣe é bí ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ọkùnrin náà yóò sọnù. A gbà pé ìfẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìbáárò yẹn ni ó ti hù, ẹni tó bá sì fà á tu kúrò nínú ilẹ̀ rẹ̀ yóò rí i pé ó rọ lọ́wọ́ òun. Àwọn ọ̀wọ́ ìkẹyìn fi èyí hàn: lẹ́yìn tí ìfẹ́ ti di gbangba, àwọn òǹkọ̀wé eré kò mọ ohun tí àwọn méjèèjì yóò máa bára wọn sọ mọ́.

Ìran kan wà nínú “Tooms”, apá kan ní ọ̀wọ́ kìíní tó jáde ní oṣù Kẹrin 1994, tí kò sí àkójọ tí kò mẹ́nu bà á. Mulder ń ṣọ́ ọ̀daràn kan nínú ọkọ̀ lóru, Scully gbé oúnjẹ wá fún un. Ó pè é ní Fox, orúkọ àbísọ rẹ̀. Mulder rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn òbí òun pàápàá Mulder ni òun ní kí wọ́n máa pe òun. Scully wá sọ fún un pé kò sí ẹlòmíràn tí òun lè tìtorí rẹ̀ fi ara òun wewu bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà dáhùn pé bó bá jẹ́ tíì tútù ni ó wà nínú àpò náà, a jẹ́ pé ìfẹ́ ni. Scully sì fi hàn án pé ohun mímu mìíràn ni. Àwọn àkójọ tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì dúró lórí tíì tútù yìí. Orúkọ ni àwa dúró lé. Nínú ìtumọ̀ lédè Faransé, vous ni Mulder àti Scully ń pe ara wọn, ọdún dé, ọdún lọ, nínú àìsàn, nínú ewu, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní èyí, nítorí you kan ṣoṣo ni èdè náà fi fún un. Ẹni tó ń gbọ́ Faransé ń dúró de tu bí ẹni ń dúró de òjò.

Nígbà tí a gbìyànjú láti yí ìran náà sí Yorùbá, ó há wa lọ́wọ́. Mulder fi ọdún méjì ju Scully lọ: 1961 ni wọ́n bí i nínú ìtàn, 1964 ni wọ́n bí Scully. Nípa ti ọjọ́ orí, “ẹ” ni ó yẹ kí Scully máa pè é, kí òun sì máa pe Scully ní “o”. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ti sọ obìnrin tó ń bi ọkùnrin léèrè ẹ̀rí di àbúrò tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdáhùn. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń sọ “o”, wọ́n ti di ẹgbẹ́ kan náà láti ọjọ́ kìíní, kò sì sí ibi tí ìfẹ́ yóò tún súnmọ́ dé. “Ẹ” fún “ẹ” ni ó tọ́, bí ti àwọn olùkọ́ méjì nílé ẹ̀kọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ìṣòro tún wà níwájú: tọkọtaya Yorùbá tó bá bọ̀wọ̀ fún ara wọn kì í pa “ẹ” tì nígbà tí ìfẹ́ bá jinlẹ̀, ìyàwó tilẹ̀ máa ń sá fún orúkọ ọkọ rẹ̀. Nítorí náà, Scully tó kọ̀ láti padà sí orúkọ Fox fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò jọ ẹni tó jìnnà sí Mulder létí Yorùbá. Ó jọ ìyàwó ilé. A kò tíì rí àkójọ kan, ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Faransé, tó ṣàkíyèsí èyí.

Ohun tí wọ́n fojú fò dá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Nínú “Biogenesis” ti oṣù Karùn-ún 1999 àti “The Sixth Extinction” tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá, etíkun Côte d’Ivoire ni wọ́n ti rí ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá òde ayé nínú iyanrìn. Ọpọlọ Mulder ti dàrú, ó wà nílé ìwòsàn ní Washington. Scully ré òkun kọjá nítorí rẹ̀, ó sì jókòó nínú àgọ́ létí òkun, ó ń ka àmì tí wọ́n fín sára ọkọ̀ náà, tí kòkòrò ń ya bò ó, tí omi òkun sì ń di ẹ̀jẹ̀. Àwọn shipper ka ìrìn àjò yìí mọ́ ẹ̀rí ìfẹ́, wọn kò sì ṣìnà. Ṣùgbọ́n etíkun náà fúnra rẹ̀, California ni wọ́n ti ya á. Ọ̀mọ̀wé ọmọ Côte d’Ivoire tí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí àwo tí wọ́n rí náà jẹ́, wọ́n pa á kí ìtàn tó lọ jìnnà. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, nínú “Teliko”, ọkùnrin kan wá láti Burkina Faso tí ń jí àwọ̀ dúdú ara àwọn ènìyàn bíi tirẹ̀, tí òkú wọn sì ń funfun. Ibi tí ewu ti ń wá, tàbí ibi tí Scully ti ń fi ìfẹ́ rẹ̀ hàn: ipò méjì tí eré náà fún etí òkun tiwa nìyẹn. Àwọn olólùfẹ́ tó ka gbogbo ìṣẹ́jú ọwọ́ kan ọwọ́ kò ka èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kọ ìtàn tirẹ̀ sí Gossamer, kí ló dé tí kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin abúlé tó rí òyìnbó onírun pupa yìí tó gúnlẹ̀ sí etí omi pẹ̀lú àgọ́ rẹ̀, tí kò sì kí ẹnikẹ́ni?

Síbẹ̀, wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n ní. Nígbà tí Yahoo pa GeoCities ti Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá 2009, àìmọye ojúewé tí àwọn olólùfẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ lọ lọ́jọ́ kan. Ọgbọ́n ti kọ́ wọn kí ó tó dìgbà náà: ní 2007, àwọn olólùfẹ́ eré dá Organization for Transformative Works sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè, ní 2009, ó ṣí ibi ìkówèésí tirẹ̀, Archive of Our Own, tó gba ẹ̀bùn Hugo ní 2019, ó sì ní ẹ̀ka tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba àwọn ibi ìkówèésí àtijọ́ tó fẹ́ kú mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a wo tiwa. Atọ́ka, ìwé ìròyìn oníwòrán tí wọ́n fi ń sọ eré àwọn ẹgbẹ́ tíátà alárìnjò ní Yorùbá láti ìparí àwọn ọdún 1960, ìṣùpọ̀ mélòó ni ó kù nínú àpótí àwọn ìdílé Àjàṣẹ́ àti Àjàrá? UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá aráyé ní 2001. Ní ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, méjì méjì ni igi ń jáde, aṣọ kan náà, ijó kan náà, gbogbo ọjà sì mọ èyí tí ó fẹ́ràn nínú wọn. Fọ́nrán ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóru wà nílé àwọn àgbà, òjò sì ń kán sí i. A rò pé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan pẹ̀lú ìwé àjákọ àti fóònù lè jókòó tì wọ́n, kí ó fetí kọ wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn ṣe jókòó ti fọ́nrán wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ohùn. Fún ẹni tó wo eré náà ní Faransé, Georges Caudron ni Mulder, Caroline Beaune sì ni Scully. Ẹnu wọn ni a ti gbọ́ gbogbo vous wọ̀nyẹn. Beaune kú ní 2014. Nígbà tí eré náà padà dé ní 2016, Gillian Anderson ni ó ṣì wà lójú àwòrán, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin mìíràn ni ó ti ẹnu rẹ̀ jáde.