Du, Sie àti «ẹ» tiwa

Láti oṣù Okúdù 2024, èdè Jámánì ìpele A1 tàbí Gẹ̀ẹ́sì B2 lọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá físà Chancenkarte gbọ́dọ̀ ní. Àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Abẹ́òkúta bá sá tọ Duolingo lọ. Ó dùn ún lò, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ wa: «you» ló dúró fún du àti Sie. Yorùbá kúkú ní «o» àti «ẹ»! Ṣùgbọ́n ẹ má sáré o. Ọjọ́ orí ni «ẹ» tiwa kọ́kọ́ ń wò. Tiwọn, ìsúnmọ́ra ni. Ọmọ Jámánì á fi du pe ìyá rẹ̀ àgbà, á fi Sie pe akọ̀wé báńkì tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ẹ jẹ́ ká máa fi Yorùbá túmọ̀ ọ̀rọ̀ sínú ìwé wa. Ibẹ̀ la ti máa rí ohun tí «you» bò mọ́lẹ̀.