Iṣẹ́ Ọnà Ara Ìkòkò Tábà Onígi

Orúkọ tí Yorùbá sọ ohun èlò tí wọ́n fi ń mu tábà fi irú èyí tí àwọn àgbà kọ́kọ́ mọ̀ hàn. Ìkòkò ni wọ́n pè é, nítorí pé amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ orí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ọbẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá gbẹ́ ère Èṣù tí ń mu tábà a máa fi igi gbẹ́ ìkòkò ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n iná kì í dé ibẹ̀. Èyí tí iná ń dé ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ níhìn-ín: ìkòkò onígi tí ẹni tí ó ni ín lè dáná sí lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí igi náà kò sì ní jóná. Tábà fúnra rẹ̀ ń pa ènìyàn, kò sì sí olùkọ́ tí yóò yìn ín fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè yin idà láìyin ogun. Ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ mọ bí a ti ń díwọ̀n irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ibi tí ó ṣòro jù nínú rẹ̀ kò hàn sí ojú.

Igi tí ó gbayì jù fún un ni èyí tí àwọn Faransé ń pè ní bruyère, igi kékeré tí ń hù ní àyíká Òkun Mẹditaréníà. Kì í ṣe ìtí rẹ̀ ni wọ́n ń lò bí kò ṣe kókó ńlá tí ó wà láàárín ìtí àti gbòǹgbò. Kókó yìí le, kì í sì í tètè gbiná. Wọn a hú u, wọn a gé e, wọn a sè é nínú omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí oje rẹ̀ lè jáde, wọn a sì jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí wọ́n bá kánjú, yóò là. Ìlú Saint-Claude, ní òkè Jura ní ilẹ̀ Faransé, ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ láti àárín ọ̀rúndún 19.

Níbẹ̀ àti ní London, àpẹẹrẹ ni ó jọba. Ẹ̀rọ a yí igi bíríbírí, orí ìkòkò a rí róbótó, ọ̀pá rẹ̀ a gún, gbogbo wọn a sì jọ ara wọn bí ìbejì. Ìrísí yìí tu ojú lára, ó sì rọ ọwọ́ lọ́rùn. Àbùkù rẹ̀ ni pé igi ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àpẹẹrẹ. Ihò kéékèèké a máa fara pamọ́ sínú kókó náà. Bí ẹ̀rọ bá tú wọn síta, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn a fi àtè dí wọn, wọn a sì fi aró dúdú bò ó. Irọ́ ni èyí, bí ó ti wù kí ó dán tó. Alfred Dunhill, tí ó ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ní Duke Street, London, ní 1907, gba ọ̀nà tí ó sàn ju èyí lọ. Láti 1917 ni wọ́n ti ń fẹ́ iyanrìn lu àwọn ìkòkò rẹ̀ kan títí apá tí ó rọ̀ yóò fi jẹ, tí ìlà líle ara igi yóò sì yọ bí ìkarahun. Níbẹ̀, igi bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yí iṣẹ́ náà padà ni Sixten Ivarsson (1910–2001), ọmọ Swídìn tí ó ṣiṣẹ́ ní Copenhagen ní Dẹ́ńmáàkì. Títún ìkòkò tí ó bàjẹ́ ṣe ni ó fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò kọ́kọ́ wo ìlà ara igi. Yóò lu ihò iná àti ihò èéfín. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ara ìkòkò yí ihò náà ká. Ìyípadà yìí lè dà bí ohun kékeré. Bẹ́ẹ̀ ihò gan-an ni ìkòkò. Igi dà bí ẹ̀wù tí a wọ̀ fún un. Bí ihò èéfín kò bá yọ sí àárín ìsàlẹ̀ ihò iná gẹ́lẹ́, tábà tútù yóò ṣẹ́kù síbẹ̀, omi yóò sì máa hó bí ènìyàn ti ń fà á. Bí ara rẹ̀ bá fẹ́lẹ́ jù, yóò jó ọwọ́. Nígbà tí Ivarsson ti parí èyí ná, ìrísí òde di òmìnira: igi ni ó ń sọ ibi tí ọ̀bẹ yóò yà sí.

Ìkòkò tí Lars ọmọ rẹ̀ fún ní ìrísí ẹja tí ó wú ni ẹ̀rí tí ó dájú jù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ yọ bọ̀ǹbọ̀, àmì tó-tò-tó bí ojú ẹyẹ sì kún wọn. Ní etí ibi tí wọ́n ti pàdé, ìlà igi tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Kò sí ẹwà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwà igi náà ni ó di ẹwà, bí Yorùbá ti ń wí.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn ni ó rántí ihò. Preben Holm (1947–1989), ará Dẹ́ńmáàkì pẹ̀lú, a máa fi èèpo págunpàgun kókó náà sílẹ̀ létí ìkòkò, ara rẹ̀ a sì lọ́ bí ìtànṣán gbòǹgbò. Ojú kì í tètè kúrò lára wọn, àwọn ará Amẹ́ríkà sì rà wọ́n púpọ̀ ní àwọn ọdún 1970. Síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn tóbi, wọ́n sì wúwo ju ohun tí eyín lè gbé lọ. Orí pẹpẹ ni wọ́n yẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ kò nílò ohun èlò púpọ̀. Kí ó mú ìkòkò tí ọ̀pá rẹ̀ gún, kí ó ti ṣáṣá ọwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu rẹ̀, kí ó sì wò bóyá yóò yọ sí ìsàlẹ̀ ihò iná láìkọ́ níbì kan.