Iwájú: Èkó Ni A Rí, Gẹ̀ẹ́sì Ni A Gbọ́

Iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Àdúrà yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa gbà lẹ́nu àwọn òbí wa ní ọjọ́ tí a fi ilé sílẹ̀ wá sí ìlú òyìnbó, a sì ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ náà tún sọ sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ Sátidé kan tí àwọn ẹbí mélòó kan nínú ẹgbẹ́ wa kó ara wọn jọ, tọmọdé tàgbà, láti wo katúùnù tí wọ́n ń pè ní Iwájú. Kí a tó tan ẹ̀rọ, ariwo àwọn ọmọ ti gba ilé kan. Èyí ń sọ pé kọ̀ǹpútà òun yára ju ti ẹ̀gbọ́n òun lọ. Èyí ń sọ pé kò sí katúùnù tí ó dà bíi Tom and Jerry. Òmíràn ní irọ́ ni, Toy Story ni ọba wọn. Àwa àgbà ń jẹ ẹ̀pà, a ń gbọ́. Nígbà tí orúkọ náà wá yọ gàdàgbà lójú ẹ̀rọ, ọmọbìnrin kékeré kan yíjú sí bàbá rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá náà na ìka síwájú. Ọmọ náà wo ọ̀kánkán, ògiri ni ó rí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

A kò dá bàbá náà lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí ó ti rí lọ. Iwájú ni ibi tí ojú ẹni kọ sí. Ọjọ́ iwájú ni ìgbà tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kan náà ni ó tún ń pe ìgbà tí ń bọ̀ ní ẹ̀yìn ọ̀la. Nínú èdè wa, ọ̀la wà níwájú wa nítorí pé ibẹ̀ ni à ń lọ, ó sì tún wà lẹ́yìn nítorí pé ojú wa kò tíì tó o. Ta ni yóò ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọmọ ọdún méje nígbà tí katúùnù ti bẹ̀rẹ̀? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé, ǹjẹ́ katúùnù náà fúnra rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn ìbéèrè ọmọ náà?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún àwọn tí ó ṣe é ní ẹ̀tọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ Kugali ni ó ni èrò náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ni ó wà nídìí rẹ̀: Olufikayo Adeola àti Tolu Olowofoyeku tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti Hamid Ibrahim tí ó jẹ́ ọmọ Uganda. Ní ọdún 2019, wọ́n fọ́nnu fún BBC pé àwọn yóò borí Disney nínú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Disney gbọ́, kò bínú, ńṣe ni ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n kéde pé àwọn méjèèjì yóò jọ ṣiṣẹ́, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, Iwájú jáde lórí Disney+ ní ìpín mẹ́fà. Adeola ni ó darí rẹ̀, ilé iṣẹ́ Cinesite bá wọn fi kọ̀ǹpútà ya àwọn àwòrán náà, Ré Olunuga sì ṣe orin inú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a má yìn wọ́n, ìlara ni ó ń ṣe.

Ìtàn náà kò ṣòro. Ọmọbìnrin kan wà tí ń jẹ́ Tọlá, ọmọ olówó ní apá erékùṣù Èkó. Túndé bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹni tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ó ráyè. Kọ́lé ni ọ̀rẹ́ Tọlá. Òun wá láti ìdílé tí kò ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà débi pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè yọ ọ́ lẹ́nu. Bọ̀dé ni ẹni ibi inú ìtàn náà, ọ̀gá àwọn ajínigbé tí ń jí ọmọ olówó gbé láti fi gba owó. Kí Tọlá má baà bọ́ sọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ ṣe alángbá kan fún un, tí kì í ṣe alángbá lásán bí kò ṣe ẹ̀rọ tí ń ronú, tí ń sọ̀rọ̀, tí ń ṣọ́ ọmọ. Otin ni orúkọ rẹ̀.

Èkó tí wọ́n yà ni ó kọ́kọ́ mú wa lójú. Láti ọdún 1995 tí Toy Story ti jáde gẹ́gẹ́ bí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn ayàwòrán yìí ti mú wa rìn ká ayé. A bá eku se oúnjẹ ní ìlú Paris nínú Ratatouille ní 2007. A bá wọn ṣe ọdún òkú ní Mexico nínú Coco ní 2017. Ó tó àsìkò kí Èkó náà yọjú. Nínú Iwájú, ọkọ̀ ń fò lójú ọ̀run, síbẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò kúrò ní ìlú. Ọ̀la tí wọ́n yà fún wa kì í ṣe ti ìlú òyìnbó tí wọ́n kùn ní dúdú. Èkó gan-an ni, pẹ̀lú gbogbo wàhálà rẹ̀. Ìyá kan láàárín wa tí kò tíì padà sílé láti ọdún mẹ́wàá ń pariwo lórí ìjókòó bí ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún dírẹ́bà.

Wọn kò sì purọ́ fún ọmọdé. Ọ̀sà kan náà ni ó pín olówó àti tálákà níyà lónìí, òun náà ni ó ṣì ń pín wọn níyà nínú ọ̀la tí wọ́n yà. Ẹ̀rọ ti pọ̀ sí i, ọkọ̀ ti kọ́ bí a ti ń fò, ṣùgbọ́n ọmọ tálákà ṣì ń tún ẹ̀rọ ṣe, ọmọ olówó sì ń gbà á lẹ́bùn. Òtítọ́ ni èyí, ó sì ṣọ̀wọ́n nínú katúùnù ọmọdé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí wọ́n la ẹnu. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohùn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n fi sọ ọ́, a mọ̀, a sì dúpẹ́: Fẹ́mi Branch tí ó jẹ́ Bọ̀dé kò yí ohùn padà kí òyìnbó lè gbọ́ ọ. Yorùbá àti pijin sì ń yọjú níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kọ́ ni à ń fi òkèlè rán. Àwọn ọmọ wa wo ìpín mẹ́fà, kò sì sí gbólóhùn Yorùbá kan tí wọ́n mú délé, àfi orúkọ katúùnù náà, èyí tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni ó dé tí a kò bínú sí Tom and Jerry. Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Láti ọdún 1940 tí ológbò àti eku náà ti bẹ̀rẹ̀ ìjà, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìbàdàn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ́rìn-ín sí i, ọmọ London náà rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ kò gba èdè ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n katúùnù tí ó bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe orúkọ ti jẹ gbèsè kan.

Disney sì mọ bí a ti ń san irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Moana jáde ní 2016. Nígbà tí ó di 2017, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Māori fún àwọn ọmọ New Zealand. Ní 2019, Frozen 2 jáde ní èdè Sami ti Àríwá, èdè àwọn ènìyàn tí wọ́n wà ní apá òkè Norway, Sweden àti Finland. Àwọn tí ń sọ èdè Sami yìí kò tó 50,000. Àwa tí ń sọ Yorùbá ju 40 mílíọ̀nù lọ. Kì í ṣe pé a ń bá àwọn Sami jowú. Orí ire ni wọ́n, inú wa sì dùn fún wọn. Ohun tí à ń sọ ni pé wọ́n béèrè, àwọn ènìyàn wọn sì dúró tì í. Àwa ńkọ́? Ta ni ó béèrè láàárín wa?

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọ̀rọ̀ àmì. Ó yà wá lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ wa, pé ilé iṣẹ́ Disney fi àmì ohùn méjèèjì sórí Iwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀, àmì pòórá nínú ìpolówó wọn: Tola, Kole, Tunde, Bode. Ẹ wo Kole nìkan. Kọ́lé ni ẹni tí ó kọ́ ilé, orúkọ ọlá ni. Ẹ yọ àmì kúrò, ta ni yóò sọ pé kì í ṣe kólé, iṣẹ́ àwọn kólékólé? Ọmọ tálákà tí ń wọ ilé olówó, ẹ tún wá kọ orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé olè ni! A mọ̀ pé wọn kò gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àìfàmìsí máa ń fà nìyẹn.

Kí a tó nàka sí wọn, kí a wo ọwọ́ tiwa. Àwọn àgbà inú wa rántí ìgbà tí a máa ń tẹ ìwé tán, tí a óò wá mú bírò láti fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwáwí wà nígbà náà. Lónìí kò sí mọ́. Ètò Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Lóòótọ́, ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, a ní láti gbé àmì lé lẹ́tà lórí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gbà á, fóònù náà gbà á. Síbẹ̀, ẹ wo káàdì ìkómọjáde tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa. Mélòó ni ó ní àmì lórí orúkọ ọmọ?

Ọ̀rọ̀ alángbá náà ni ó wà lọ́kàn wa jù. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. A wo Otin, a rẹ́rìn-ín, ó dára lójú, ó sì gbọ́n. Ṣùgbọ́n inú ń run ìtàn náà níbẹ̀. Bàbá kan kò ráyè fún ọmọ rẹ̀, ó wá ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ọmọ náà dípò rẹ̀. Nílé wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ni a sọ, a kò sọ ẹ̀rọ. Katúùnù náà fọwọ́ kan ọgbẹ́ yìí, Tọlá fẹ́ràn kí bàbá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀bùnkẹ́bùn lọ. Ṣùgbọ́n kò dúró pẹ́ níbẹ̀. Ìjà àti eré sísá gba ojú ọ̀nà. À bá fẹ́ kí ó lo ìpín kan gbáko nílé Kọ́lé, kí a rí bí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ níbi tí kò ti sí alángbá onírin.

Bí a sì ti ń sọ èyí, ojú ń ti wa díẹ̀. Nínú yàrá tí a ti ń wò ó, ọmọ mẹ́ta ló mú tábúlẹ́ẹ̀tì dání. Àwa ni a rà á fún wọn, kí a lè ráyè lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, kí a lè sùn díẹ̀ ní òwúrọ̀. Otin tiwa nìyẹn. Kò gbọ́ Yorùbá, kò sì ní kọ́ ọmọ ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń ta géèmù tí wọ́n ṣe pẹ̀lú katúùnù yìí, Rising Chef, tí ilé iṣẹ́ Maliyo Games ti Èkó ṣe. Ó ń fi ìka se oúnjẹ Nàìjíríà lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ yá. Ìyá rẹ̀ sì wà ní kíṣìnnì ní àkókò kan náà, òun nìkan ni ó ń ro àmàlà. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu géèmù náà. Ọmọ Èkó ni ó ṣe é, ó sì dára. Ṣùgbọ́n àwa ni ó yẹ kí a pe ọmọ náà wá sídìí ìkòkò.

Ìdájọ́ wa nìyí. Iwájú tó wò, ẹ wò ó. Ó fi ojú Èkó han àwọn ọmọ tí kò mọ Èkó, ó fi òtítọ́ hàn wọ́n, kò sì tijú orírun rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ohùn. Nípa ti Disney, a rọ gbogbo ẹbí tí ń sanwó fún un lóṣooṣù láti kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n béèrè fún Iwájú ní èdè Yorùbá. Ẹni tí ń sanwó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀.

Nípa tiwa, a kò ní láti dúró dè wọ́n. Kí ọjọ́ Sátidé náà tó parí, ìyá àgbà kan nínú wa sọ pé kí a tún ìpín kìn-ín-ní gbé sí i, kí a sì pa ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ kùn. Ìyá náà gún ara rẹ̀ sí ìjókòó, ó ní, "Ààlọ́ o!" Àwa àgbà dáhùn, "Ààlọ̀!" Bí àwòrán ti ń lọ ni ó ń fi Yorùbá sọ ohun tí Tọlá ń sọ, ohun tí Kọ́lé fi dá a lóhùn, ó sì fi èébú tirẹ̀ kún ti Bọ̀dé. Ọ̀pọ̀ ni kò bá ohun tó wà níbẹ̀ mu. Kò sí ọmọ tí ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí ó parí, ọmọbìnrin tí ó béèrè ìtumọ̀ Iwájú lọ dúró tì í, ó ní, "Mọ́mà, ẹ tún sọ ọ́."

Èdè rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán, àmì ohùn rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó fi sọ ọ́.