Ìwé Sol White àti Àwọn Eléré Babylon

Ní ọdún 1907, ní ìlú Philadelphia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Sol White, eléré aláwọ̀ dúdú tí kò tí ì pé ẹni 40 ọdún, tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ìtàn bésíbọ́ọ̀lù, eré tí a ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní àkókò yẹn, àwọn aláwọ̀ funfun ti sé ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ńlá wọn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú.

Gẹ́gẹ́ bí White ti sọ ọ́, Babylon, ìlú ìgbafẹ́ létí omi ní Long Island, ni ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ń gba owó eré ti ṣẹ̀ ní 1885. Frank Thompson, olórí àwọn agbóúnjẹ ní Hòtẹ́ẹ̀lì Argyle, kó àwọn tí ń gbé oúnjẹ fún àlejò jọ, wọ́n sì ń ṣeré fún ìgbádùn àwọn olówó tí ó wá gba atẹ́gùn. Àwọn ni ó di Cuban Giants, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Kúbà.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Iyì ìwé náà ni pé White kò fi iṣẹ́ agbóúnjẹ pamọ́ bí ohun ìtìjú, kò sì fi ẹkún rọ́pò ẹ̀rí. Ó to orúkọ àwọn eléré lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi owó wọn wé ti ẹlòmíràn: ní ìpíndọ́gba, 2,000 dọ́là lọ́dún fún eléré inú ẹgbẹ́ ńlá, 466 fún aláwọ̀ dúdú. Iye méjì yìí fi ìrẹ́jẹ hàn ju ìwàásù lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé náà ní àbùkù. Nínú ìròyìn tí New York Age gbé jáde ní 1887, Thompson fúnra rẹ̀ sọ pé Philadelphia ni òun ti kọ́kọ́ kó eléré jọ ní oṣù Karùn-ún 1885, kí wọ́n tó lọ sí Babylon, àti pé àwọn eléré Washington pẹ̀lú ti Philadelphia mìíràn ni a fi kún wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe agbóúnjẹ tí ń fi eré pa àárẹ̀ lásán. Eléré tí àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ti tọ́ dàgbà ni wọ́n. White fún hòtẹ́ẹ̀lì ní ògo tí ó tọ́ sí àdúgbò wọ̀nyí. Díẹ̀ náà ni ó sọ nípa ibi tí wọ́n ń sùn, ilé ìsìn wọn, àti àwọn aya tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé.

Nítorí náà, olùkọ́ tí yóò fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní ìtàn gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ láti bi í léèrè. Síbẹ̀, kí ó má ṣe dín ọlá rẹ̀ kù. White wà láàyè nígbà tí Jackie Robinson wọ ẹgbẹ́ ńlá ní 1947. Ní 1955 ni ó kú. Ilẹ̀kùn ti ṣí nígbà náà, ṣùgbọ́n bí kò bá ti kọ orúkọ sílẹ̀ ní 40 ọdún ṣáájú, ta ni ìbá mọ àwọn tí ó kọ́kọ́ kàn án?