Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́ni Nínú Ìtàn Àròsọ Yorùbá

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan léèrè pé ìwé wo ni ó sọ ìtàn ìgbé ayé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní èdè wa, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dárúkọ Ó Le Kú, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 1974. Bí a bá tún bi í pé èwo ni ó tẹ̀ lé e, yóò ronú pẹ́. Bí a bá wá béèrè ìwé tí ó sọ ti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ìjọba gbé kalẹ̀ sí ìgbèríko láti máa tọ́ àwọn olùkọ́ni, yóò dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Ohun tí mo ń wí ni pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ni ó bí púpọ̀ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá òde òní, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó bí kò tíì ya àwòrán ìyá wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọmọ náà. D. O. Fágúnwà kẹ́kọ̀ọ́ ní Saint Andrew's College, tí ìjọ C.M.S. gbé kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896. Ó sì tún ṣe tíṣà nínú ọgbà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú. Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀, kí ó tó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, Wesley College ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Tíṣà ni ó kọ ìwé wa, tíṣà ni ó fi ìwé náà kọ́ ọmọ, àwọn ọmọ tí tíṣà kọ́ ni wọ́n sì ń rà á kà.

Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, yóò rí i pé Fágúnwà kò gbàgbé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kàn wọ̀ ọ́ ní aṣọ mìíràn ni. Nígbà tí Àkàrà-Ògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé Òkè Láńgbòdó, ọba ìlú náà fi wọ́n lé Ìrágbèje lọ́wọ́ nínú ilé olójúléméje, ọjọ́ méje ni wọ́n sì fi tẹ́tí sí i. Àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ nìyí, tí wọ́n ń pé jọ lójoojúmọ́ síwájú àgbà ọlọ́gbọ́n, tí ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ sì ń bẹ nínú ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n padà lọ sí ìlú tí ó rán wọn. Bí èyí kò bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, kí ni a ó pè é? Ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ nìkan ni ó ń dún ketekete níbẹ̀. Ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí wọ́n jókòó, a kò gbọ́ ọ tó.

Àwa tí a ń gbé ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní ìdí láti rántí Láńgbòdó ju àwọn ẹlòmíràn lọ. A kọ́ Festac Town fún àwọn àlejò tí wọ́n wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Eré tí Nàìjíríà gbé síwájú ayé ní àjọ̀dún náà ni Langbodo, tí Wálé Ògúnyẹmí fà yọ láti inú ìwé Fágúnwà, tí Dàpọ̀ Adélugbà sì darí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Báyìí ni ilé Ìrágbèje ṣe dé orí ìtàgé.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni kan wà tí kò jìnnà sí Festac. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Second Gate, tí ó gba Alákijà àti Ìyànà-Ìba, tí ó kọjá Okokomaiko lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, yóò dé Òtò-Ìjànikin ní ilẹ̀ àwọn Àwórì. Ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Adéníran Ògúnsànyà College of Education wà, èyí tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958. Èmi kò tíì rí òǹkọ̀wé Yorùbá tí ó sọ ọ́ di ìtàn.

A lè sọ pé Ó Le Kú ti tó. Lóòótọ́, Ìṣọ̀lá ṣe ohun tí Fágúnwà kò ṣe. Ó fi iwin àti igbó sílẹ̀, ó mú wa wọ ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ̀rọ̀ gan-an. Kò yani lẹ́nu pé Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n kí ni ìṣòro Àjàní? Èwo ni yóò fẹ́ nínú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé? Ìṣòro náà kì í ṣe kékeré, Ìṣọ̀lá kò sì fi ṣeré. Síbẹ̀, ìṣòro ẹni tí oúnjẹ ọ̀la rẹ̀ ti dájú ni. Ní ìgbà náà, iṣẹ́ ń dúró de ẹni tí ó bá jáde ní Ìbàdàn. Ìwé náà kò ní ìdí láti béèrè bóyá ẹ̀kọ́ tí Àjàní ń kọ́ yóò wúlò fún un. Ẹ̀bi Ìṣọ̀lá kọ́. Ohun tí ó mọ̀ ni ó kọ. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwọn tí wọ́n rò pé ẹni tí ó bá ti kọ ti Ìbàdàn ti kọ ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́.

Bí ẹnìkan bá béèrè ohun tí ó wà ní ìgbèríko láti kọ, èmi yóò dáhùn pé ìtìjú wà níbẹ̀, ìtìjú a sì máa bí ìtàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lọ gba ìwé-ẹ̀rí NCE ni ó jẹ́ pé yunifásítì ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́, tí máàkì JAMB wọn kò tó. Bí a bá bi wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n wà, wọn a máa fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Ti ẹni tí ó ń kọ́ Yorùbá nínú wọn tún le jù, nítorí àwọn ẹbí yóò máa béèrè ìdí tí ènìyàn fi ń sanwó kọ́ èdè tí a ń sọ nílé. Ẹni yìí yóò gba iyàrá lọ́wọ́ onílé Àwórì, yóò máa gbọ́ ẹ̀ka-èdè onílé rẹ̀, yóò sì rí i pé Yorùbá inú ìwé kọ́ ni Yorùbá kan ṣoṣo tí ó wà. Nígbà tí àkókò bá tó láti lọ fi ìkọ́ni dánra wò, yóò fi owó oúnjẹ ra ṣọ́ọ̀kì àti káádíbọ́ọ̀dù, yóò kọ àlàyé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lóru pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ kan yóò bi í ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá tíṣà ni òun tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìṣẹ́jú yẹn tó odindi ìwé.

Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn ti fi ọ̀nà hàn wá. Mariama Bâ ti ilẹ̀ Senegal kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Rufisque, ìlú tí kò jìnnà sí Dakar, bí Òtò-Ìjànikin kò ti jìnnà sí Èkó. Nígbà tí ìwé rẹ̀, Une si longue lettre, jáde ní ọdún 1979, ilé-ẹ̀kọ́ náà ní àyè nínú rẹ̀: opó tí ó ń kọ lẹ́tà náà rántí ọ̀gá tí ó kọ́ wọn àti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti ilẹ̀ oríṣiríṣi wá. Ìrántí náà kò gùn, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí a mọ ibi tí obìnrin náà ti rí ìgboyà tí ó fi ń bi ayé léèrè ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìfalẹ̀. Ní ọdún 2022, ilé-ẹ̀kọ́ Òtò-Ìjànikin àti èyí tí ó wà ní Noforija lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ para pọ̀ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jogún Saint Andrew's ní Ọ̀yọ́ di yunifásítì pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ọmọ má dàgbà. Ṣùgbọ́n bí orúkọ tuntun bá ti dé, ayé àtijọ́ a máa tètè di ìgbàgbé. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Òfin kì í dúró níwájú ọmọ. Tíṣà ni í dúró. Bí ìwé wa kò bá ka iṣẹ́ tíṣà sí ohun tí ó yẹ láti sọ nípa rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu wo ni a ó fi rọ ọ̀dọ́ láti ṣe é?

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ọgbà bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti di olùkọ́ ní abúlé àti ní ìlú: ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ má fi bò. Àwa tí a ń yan ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ohun tí a ó fi ṣe.