Òṣùwọ̀n Ta Ni? Àgbéyẹ̀wò Ìṣàyàn Eléré nínú Basketball GM

Eré orí kọ̀ǹpútà kì í sábàá rí àyè nínú ìwé ìròyìn bí èyí. Ọ̀pọ̀ àgbà ló kà á sí ohun tí àwọn ọmọ fi ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n eré kan wà tí kò ní àwòrán tó ń dán, tí kò ní orin, tí kò sì ní ariwo èrò ìwòran. Àtẹ òǹkà ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Síbẹ̀, ó ń bi ẹni tó bá ń ṣe é ní ìbéèrè kan tí olùkọ́, agbanisíṣẹ́ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bi ara wọn lójoojúmọ́: nígbà tí a bá ti fi òǹkà díwọ̀n ènìyàn tán, báwo ló ṣe yẹ kí a ka òǹkà náà? Basketball GM ni orúkọ eré yìí, mo sì gbà pé ó yẹ fún àgbéyẹ̀wò.

Jeremy Scheinerman, ará Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2013. Ọ̀fẹ́ ni. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣí bí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì yòókù, bí ó bá sì ti ṣí tán, ó lè máa lọ kódà bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já. Ẹni tó ń ṣe é kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Alámòójútó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi í ṣe: òun ló ń gba eléré sẹ́gbẹ́, òun ló ń fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, òun ló ń fọwọ́ sí àdéhùn owó, òun ló sì ń mú ọ̀dọ́ tuntun ní ìṣàyàn ọdọọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní draft. Kọ̀ǹpútà ló ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ìyẹn eré tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní basket. Àyàfi bí a bá yàn án bẹ́ẹ̀, àwọn eléré inú rẹ̀ kì í ṣe ẹni gidi. Kọ̀ǹpútà ló sọ wọ́n lórúkọ. Nítorí náà, alámòójútó kò lè sọ pé òun mọ ìdílé eléré kan, tàbí pé òun ti wò ó lórí pápá rí. Òǹkà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òǹkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni eléré kọ̀ọ̀kan ní, láti 0 dé 100. Márùn-ún jẹ́ ti ara: gíga, agbára, eré sísá, fífò àti ìfaradà. Márùn-ún jẹ́ ti ìjùsáwọ̀n: jíjù láti abẹ́ àwọ̀n, fífò ki bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n, jíjù ọ̀fẹ́, jíjù láti agbedeméjì, àti jíjù láti ọ̀nà jíjìn, èyí tó ń mú àmì mẹ́ta wá. Márùn-ún tó kù jẹ́ ti òye àti ọgbọ́n ọwọ́: òye ìkọlù, òye ìdáàbòbò, dídarí bọ́ọ̀lù, fífi bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, àti gbígba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà. Lẹ́yìn èyí, eré náà pa gbogbo wọn pọ̀ di òǹkà kan ṣoṣo tó ń pè ní ovr. A ó máa pè é ní òǹkà àpapọ̀. Ó tún fi òmíràn tì í, pot, tí a ó máa pè ní òǹkà ìrètí. Méjì yìí ló wà níwájú, àwọn ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé, ibẹ̀ sì ni ìdẹkùn wà.

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò BAC ní Benin tàbí ní Togo kò nílò àlàyé gígùn lórí bí òǹkà àpapọ̀ ṣe ń jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè gba note kan náà nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń kọ́. Bí ọ̀kan bá wà ní série A, tí èkejì sì wà ní série D, moyenne wọn lè má dọ́gba, nítorí pé coefficient wọn yàtọ̀. Èyí kò fi hàn pé ọ̀kan gbọ́n ju èkejì lọ. Ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó ṣètò coefficient ti pinnu tẹ́lẹ̀ ohun tó fẹ́ kó wúwo àti ohun tó fẹ́ kó fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òǹkà àpapọ̀ inú Basketball GM. Gíga wà lára ohun tó wúwo jù lọ nínú ìṣirò rẹ̀. Jíjù ọ̀fẹ́ fúyẹ́. Ìdí wà fún un, nítorí pé gíga ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ohun púpọ̀ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan pàtó ni òǹkà náà ń dáhùn: ta ló dára jù bí a bá gbé e sí ẹgbẹ́ èyíkéyìí? Ìbéèrè alámòójútó kì í ṣe èyí. Tirẹ̀ ni pé: ta ló dára jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí mo ti ní, ní iye owó yìí, fún iye ọdún yìí?

Òǹkà kò sì ní ìtumọ̀ lẹ́yìn òṣùwọ̀n tó bí i. Nínú Basketball GM, ẹni tó bá ní 70 ti di ìràwọ̀. Nínú NBA 2K, eré alárinrin tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1999, ọ̀pọ̀ eléré tó ń jókòó de àyè lẹ́bàá pápá ló ní ju 70 lọ. Òǹkà kan náà ni, ọ̀tọ̀ ni ọlá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó gba 14 nínú 20 tó sì ń fi wé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbé e wò. Ká ní ẹgbẹ́ kan ti ní ọkùnrin gíga méjì tó mọ bọ́ọ̀lù gbà lábẹ́ àwọ̀n, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tó lè darí bọ́ọ̀lù láìjẹ́ kó bọ́. Ẹni méjì wà tí a lè gbà. Òǹkà àpapọ̀ ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 58: gíga rẹ̀ jẹ́ 80, dídarí bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ 25. Òǹkà àpapọ̀ ẹni kejì jẹ́ 54: gíga rẹ̀ jẹ́ 35, dídarí bọ́ọ̀lù 75, fífi bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn 72. Ẹni tó bá ń ka iwájú nìkan yóò mú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n eré náà tún fi lẹ́tà kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn eléré: B fún adarí bọ́ọ̀lù, Ps fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù fúnni, R fún agbábọ́ọ̀lù-tó-ta-padà, 3 fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù láti òkèèrè, àti àwọn mìíràn. Bí lẹ́tà oríṣiríṣi bá pàdé lórí pápá, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹni kìíní tó bá ní B ń mú àǹfààní tó hàn wá. Ẹni kẹta tó ní in kò fi bẹ́ẹ̀ kún nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, ẹni 54 yìí lè wúlò fún ẹgbẹ́ náà ju ẹni 58 lọ.

Kí a má sì ti ibẹ̀ ṣubú sí apá kejì. Lẹ́tà lè dí ihò kékeré, kò lè dí kòtò. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá jẹ́ 70 dípò 58, kí a mú un ni, kí a sì wá adarí bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ mìíràn. Ìdí ni pé nígbà tí eré náà bá ń ṣírò agbára ẹgbẹ́, kì í ka eléré mẹ́wàá bí ẹni tó dọ́gba. Ẹni tó dára jù ló wúwo jù, ìwúwo náà sì ń dínkù títí dé ẹni kẹwàá. Ẹni 55 méjì kò lè rọ́pò ẹni 70 kan. Ọ̀kan ṣoṣo àjànàkú tí í mi igbó kìjikìji ni. Ẹni tó bá fi ìràwọ̀ kan gba eléré alábọ́ọ́dé mẹ́ta, tó sì rò pé òun jèrè nítorí pé orúkọ pọ̀, yóò rí èrè rẹ̀ kí sáà tó parí.

Òǹkà ìrètí ló ń tan ènìyàn jù. Ọmọ ọdún 19 kan lè ní òǹkà àpapọ̀ 42 àti òǹkà ìrètí 72. Ọ̀pọ̀ ń kà á bí ìlérí, bí ẹni pé ọmọ náà yóò dé 72 dandan. Ìṣirò ohun tó ṣeé ṣe ni, kì í ṣe àdéhùn: ẹlòmíràn yóò kọjá rẹ̀, ẹlòmíràn kò ní dé ìdajì ọ̀nà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, òǹkà tí a ń rí lára àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní ìkúùku lójú. Eré náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í díẹ̀, bí ẹgbẹ́ bá sì náwó lórí àwọn aṣèwádìí rẹ̀, ìkúùku náà ń dínkù. Bákan náà, ọjọ́ orí kì í jẹ gbogbo òǹkà bákan náà. Eré sísá àti fífò ni ogbó kọ́kọ́ ń mú lọ. Ìjùsáwọ̀n àti òye máa ń pẹ́ lára. Ẹni ọdún 31 tí ọlá rẹ̀ wà nínú òye kò jọ ẹni ọdún 31 tí ọlá rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀, bí òǹkà àpapọ̀ wọn bá tilẹ̀ dọ́gba. Àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún yẹ fún ti ìṣáájú ju ti ìkejì lọ.

Ìtàn gidi jẹ́rìí sí èyí. Àwọn àgbà wa ní, ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kù sí ọwọ́ ẹni tó mọ irú ẹnu tí à ń wò. Ní ọdún 2014, ẹni 40 ni wọ́n pè ṣáájú Nikola Jokić, ọmọ Serbia, kí Denver tó mú un. Kì í fò sókè púpọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ọwọ́ àti òye ló ní. Ó gba oyè eléré tó dára jù lọ nínú NBA ní ọdún 2021, 2022 àti 2024, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú Denver ní ọdún 2023. Ní ọdún 2013, ẹni 14 ni wọ́n pè ṣáájú ọmọ kan tí wọ́n bí ní Athens, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà: Giannis Antetokounmpo. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ náà kí ìkọ̀wé àwọn Gíríìkì tó yí i padà. Òun náà gba oyè yẹn ní ọdún 2019 àti 2020, ó sì ju àmì 50 nínú ìdíje tó fi ife-ẹ̀yẹ lé Milwaukee lọ́wọ́ ní ọdún 2021. Kì í ṣe pé àwọn tó fo àwọn méjèèjì yìí kò ní òǹkà lọ́wọ́. Wọ́n ní in. Coefficient tí wọ́n lò ni kò bá ọ̀rọ̀ mu.

Ibi tí mo ti ní ẹ̀sùn sí Basketball GM nìyí. Lábẹ́ ìkúùku inú eré náà, òǹkà òtítọ́ kan wà tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Bí owó àti sùúrù bá tó, a ó sún mọ́ ọn. Nínú ayé, kò sí òǹkà kankan lábẹ́ ìkúùku. Ènìyàn ló wà níbẹ̀, ó sì ń yí padà nítorí ẹni tó gbà á sẹ́gbẹ́, ẹni tó kọ́ ọ, àti ẹni tó jókòó tì í. Eré náà mọ̀ pé eléré kan fẹ́ owó, òmíràn fẹ́ òkìkí, òmíràn fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa borí, òmíràn sì jẹ́ olóòótọ́ sí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ àdéhùn bá dé nìkan ni èyí ń ṣiṣẹ́. Pé ẹni méjì kò lè bára wọn gbé, tàbí pé ọ̀rọ̀ ìyànjú àgbà kan sọ ọ̀dọ́ di ọ̀tun, kò sí nínú àtẹ rẹ̀. NBA 2K ní àléébù tó tún burú ju èyí lọ: ẹni alààyè ló ń lẹ òǹkà mọ́ lára, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn eléré gidi máa ń jáde sọ ní gbangba pé ohun tí wọ́n fún wọn kéré.

Síbẹ̀, mo gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níyànjú kí wọ́n ṣe eré náà fún sáà mélòó kan. Kò ní kọ́ wọn bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Yóò kọ́ wọn láti tú òǹkà kan ṣoṣo palẹ̀ kí wọ́n wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa. Bí a bá ń ṣa ọmọ fún ẹgbẹ́ eré ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, tí a sì to wọ́n láti orí ẹni tó ga jù dé ẹni tó kúrú jù, a ti yan coefficient láìmọ̀. Bí a bá lé ọmọ kúrò nínú iṣẹ́ tó mọ̀ nítorí moyenne rẹ̀, a ti yàn án bákan náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi òǹkà dájọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ fi ẹni náà ṣe, kí ó wá wo èyí tó yẹ kó wúwo nínú rẹ̀.